Èéfín Kì í Kan Ilẹ̀kùn

Ká ní Rebecca mọ irọ́ pa ni, gbogbo wàhálà yìí kì bá tí ṣẹlẹ̀. Irọ́ tí à ń wí náà kò tóbi. Kò ju kí ó sọ pé òun sùn, òun rí ìmọ́lẹ̀, áńgẹ́lì kan aláṣọ funfun sì kọ orin sí òun létí. Gbogbo ẹni tó ti mú orin tuntun wọ Ìjọ Òkè Ìtùnú rí ló ti sọ bẹ́ẹ̀, ààrá ò sì sán pa ẹyọ kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n bi Rebecca léèrè ibi tí orin tirẹ̀ ti wá, ó la ẹnu gbàgà, ó ní, "Èmi ni mo ṣe é."

Òtítọ́ dé ọjà ó kù tà, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́. Ní Warri tiwa níbí, òtítọ́ kì í tilẹ̀ rí ibi gbé igbá kalẹ̀.

Ìjọ Òkè Ìtùnú kò sí lórí òkè kankan, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ilé onípákó ni, ó dúró lórí òpó létí omi, lẹ́yìn ọjà Pessu, níbi tí ariwo àwọn ẹlẹ́ja ti máa ń bá ìwàásù jà. Àwọn Ìlàjẹ tó ti etíkun Oǹdó wá ṣiṣẹ́ ẹja ló kọ́ ọ, àwọn ọmọ wọn tó ń sọ Pidgin ló sì kún inú rẹ̀ báyìí. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń wọlé, wọ́n sì ní òfin kan lórí orin: orin tuntun kì í ṣe àtọwọ́dá èèyàn. Ẹ̀mí ni yóò gbé aríran, aríran yóò ṣubú, yóò fi ohùn gbé orin náà jáde, akọ̀wé ìran yóò sì kúnlẹ̀ tì í, yóò kọ gbogbo rẹ̀ sínú Ìwé Ìran. Lẹ́yìn náà akọ̀wé yóò dìde, yóò kà á sétí gbogbo ìjọ, ìjọ yóò sì dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni kó rí." Aríran fúnra rẹ̀ kì í rántí nǹkan kan nígbà tó bá jí. Aríran tó bá rántí, kò ríran, òfin ni.

Ẹni tó ń kọ gbogbo èyí sílẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án wá, Rebecca ni. Ó kàwé mẹ́wàá, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Aríran tó máa ń ṣubú jù ni Hadassah, àbúrò ọkọ rẹ̀. Ohun tí ìjọ ò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ Hadassah kì í wọ aṣọ wá. Bí ẹ̀mí bá gbé e, a máa pariwo pé, "Omi! Ọkọ̀! Ẹ ṣọ́ra! Omi!" Rebecca yóò sì kọ ọ́ pé, "Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ má bẹ̀rù omi tó ń pariwo; èyí tó dákẹ́ ni kí ẹ ṣọ́." Bó bá ti kà á tán, gbogbo ilé yóò mí kanlẹ̀, Hadassah náà yóò máa mi orí bí ẹni pé òun ló sọ ọ́. Kò sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Rebecca rí. Òun náà ò sì retí ọpẹ́. Ó ṣe tán, ta ní í dúpẹ́ lọ́wọ́ bírò?

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún yìí ni ọ̀rọ̀ kan wá bá a láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣubú. Ó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, ọkọ rẹ̀ Akínsànmí wà lójú òkun, ọjọ́ kẹjọ rèé tí wọn ò gbúròó rẹ̀, èéfín sì ń ta Rebecca lójú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Tóbilọ́ba, ń kọjá, ó ní, "Mummy, you dey cry?" Ó dá a lóhùn pé, "Èéfín ni, n ò sunkún." Bó ti sọ ọ́ tán ló tún un sọ, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta. Orin ló gbọ́ nínú rẹ̀. Akínsànmí dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó bàjẹ́ àti ebi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò lọ.

Ó wá ìwé ẹ̀kọ́ Tóbilọ́ba kan tí wọ́n ti lò dé ìdajì, èyí tí àwòrán ewé àti eegun ẹja kún iwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ìlà mẹ́rin péré ló fẹ́ ṣe. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìlà mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Á kọ ọ̀kan, á pa á rẹ́, á tún un kọ, òróró ẹja á gba ìwé, á ya á sọnù, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ń tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án láìlàágùn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá dà bí ẹja àrọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe ń dì í mú ló ń yọ̀.

"Mummy, na that same line you dey since last week?" Tóbilọ́ba bi í lọ́jọ́ kan. "Abeg, put hallelujah for there make e finish."

"Jáde lójú mi," ni Rebecca wí. Inú bí i gan-an, nítorí pé halelúyà náà ti wà níbẹ̀ rí, òun ló pa á rẹ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹfà pé, orin náà rí báyìí:

Èéfín ẹja mi ń gòkè lọ,
Ó ń kan ilẹ̀kùn Baba;
Ọba tó ga jù lọ, gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi,
Bómi bá ń bọ́ lójú mi, èéfín ni, n ò sunkún.

Ìlà kẹta ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Orin wo ni kò ní Ọba tó ga jù lọ nínú? Bó ṣe wà nínú orin ìgbéyàwó ló wà nínú ti ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó gbé ìwé náà sábẹ́ apá, ó lọ bá àwọn akọrin nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, níbi tí wọ́n ti ń fi orin kọ́ra.

Olúsànmí ni ọ̀gá akọrin. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ ti há, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó láyà láti sọ fún un. Rebecca kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Bàbá, mo ní orin tuntun kan."

Ojú bàbá là. "Ògo! Aríran wo ló gbà á?"

"Kò sí aríran níbẹ̀, sà. Èmi ni mo ṣe é."

"O ṣe é báwo?"

"Mo jókòó, mo ṣe é."

Ọ̀kan nínú àwọn akọrin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn ní, "Mama Tóbi don turn Holy Spirit o!" Ẹ̀rín bú. Olúsànmí na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó gbé e jìnnà sójú, ó sì ń ṣí i pẹ̀lú ìka méjì bí ẹni tó ń tú aṣọ ọmọ tó yàgbẹ́. Ewé ló kọ́kọ́ rí, ó rí eegun ẹja, ó rí òróró, ó wá rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fa ìlà lé, òmíràn tí wọ́n fa ìlà lé, odidi ojú ewé kan tí wọ́n fa ìlà lé.

"Ìyá Tóbi," ó ní, "Ẹ̀mí Mímọ́ a máa ṣi ọ̀rọ̀ kọ bí?"

"Rárá, sà."

"A máa pa á rẹ́, kó tún un kọ?"

"Rárá, sà. Èmi ni mo ń ṣi í kọ."

"Hẹ̀n-ẹ́n. O ti fẹnu ara rẹ wí i." Ó yíjú sí àwọn akọrin. "Ẹ wò ó. Ìdí nìyí tí a kì í gba àtọwọ́dá. Ẹja yíyan ló fẹ́ ká máa kọ lórin níwájú pẹpẹ! Ṣé orin Ọlọ́run ló ń rùn báyìí?"

"Bàbá, Jésù náà yan ẹja fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́bàá òkun. Ó wà nínú ìwé Jòhánù."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àgbàlagbà lè fara da kí a ṣẹ òun, ṣùgbọ́n kí a ka Bíbélì fún un lójú àwọn ọmọ tó tó bí lọ́mọ, kò jẹ́ fara da ìyẹn. Olúsànmí ju ìwé náà sílẹ̀.

"Jókòó sí àyè rẹ! Akọ̀wé ni ọ́. Ọwọ́ ni wọ́n ní kí o máa lò, ẹnikẹ́ni ò ní kí o lo orí. You hear wetin I talk?"

Ìwé náà bọ́ síbi ẹsẹ̀ Hadassah. Hadassah bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó tì í bọ inú báàgì rẹ̀. "Màá mú un wá fún ọ nílé, Ìyàwó," ó ní. Rebecca rò pé àánú ló ṣe é. Ó jókòó sí àyè rẹ̀, ojú ń tì í, wọ́n sì kọ orin àtijọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó túká.

Hadassah yìí, Rebecca fi ọdún márùn-ún jù ú lọ. Ṣùgbọ́n Hadassah ti wà nílé kí Rebecca tó wọlé bí ìyàwó, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ sí i. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Eyínfúnjowó ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti dé, "ẹ" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀, títí kan ọjọ́ tí ì bá wù ú kó gbá a létí. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ò sì ṣọ̀wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Hadassah dé, ó jókòó sórí àpótí nídìí ààrò, ó ń fi ọwọ́ lé èéfín lójú.

"Ìyàwó, orin yìí dára."

Inú Rebecca dùn dé ìdí ẹ̀dọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ bẹ́ẹ̀ rèé. "Ẹ ṣé o, Eyínfúnjowó. Ìlà kẹta nìkan ló kù tí ò tíì..."

"Fi ìlà kẹta sílẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Sọ fún wọn lọ́jọ́ Àìkú pé ojú oorun lo ti gbọ́ ọ. Wọ́n á gbà á."

"N ò sùn. Ojú mi là kedere."

"Ta ló bi ọ́ ní ìyẹn? Tó ò bá lè sọ ọ́, èmi á bá ọ gbà á. Ẹ̀mí á gbé mi, màá fi ohùn gbé e, ìwọ á kọ ọ́ sínú ìwé. Inú ilé wa náà ló ṣì wà."

"Orúkọ ta ni màá kọ sí i?"

"Orúkọ ẹni tó gbà á. Àbí èwo lo ti ń kọ látẹ̀yìnwá?"

Rebecca yí ẹja kan padà, ó yí ìkejì. "Ẹ jọ̀ọ́, Eyínfúnjowó. Ẹ má bínú. Èyí, èmi ni mo ṣe é."

Hadassah dìde. "Èmi, èmi, èmi! Látìgbà tí o ti wọlé wa, n ò gbọ́ èmi lẹ́nu rẹ rí, orí orin lo ti wá mọ̀ ọ́n wí. Ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé kì í sè é. Ìjọ ò gba àtọwọ́dá, o mọ̀, o sì ń lo agídí. Tí wọ́n bá lé ọ, má forúkọ ẹ̀gbọ́n mi bọ̀ ọ́ o." Ó ju ìwé náà sórí igi ìdáná, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó dun Rebecca, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀, ti ọkọ ni. Ààrò, ìyá ọkọ ló mọ ọ́n. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tún ṣe sínú Ìwé Ìran, ti aríran ni. Ìlà mẹ́rin yìí nìkan ló jẹ́ tirẹ̀ láyé, ọ̀kan nínú wọn ò sì dára.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òjò òwúrọ̀ ti pa igi, èéfín sì nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Obìnrin Urhobo kan tó ń gbé nínú ilé alájà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yọ orí síta.

"Madam Fish! Every day, every day! You wan smoke my pikin join? God go judge you!" Ó fa fèrèsé, ó tì í gbàà.

"Close am well!" Rebecca fún un lésì. "Na the same fish you go come price for Pessu tomorrow!"

Ó ṣì fẹ́ fi èébú gidi kan tì í lẹ́yìn, ó ti mú un dání, ṣùgbọ́n èébú náà ò jáde mọ́. Fèrèsé ló ń wò. Gbogbo àdúgbò yìí ló ń ti fèrèsé mọ́ èéfín rẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, lókè. Ó ku ẹnìkan péré tí kò tíì bẹ̀ pé kó má tì í. Ó sáré wọlé lọ gbé ìwé, ó fa ìlà gbọọrọ lórí Ọba tó ga jù lọ, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé:

Baba, bó o bá gbóòórùn rẹ̀, má ti fèrèsé.

Ó gbé e lórin lẹ́ẹ̀kan, ó tún un gbé, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Òun ló ṣe é! Kò sí ẹni tó ní irú rẹ̀ láti Deco Road títí dé Enerhen.

"Mummy! Fish dey burn!" ni Tóbilọ́ba pariwo látẹ̀yìnkùlé.

"Jẹ́ kó jó."

Tóbilọ́ba yọjú wò ó, bóyá ara ìyá òun ò yá ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, òjò ń rọ̀ látàárọ̀. Tóbilọ́ba dúró sílé kó máa ṣọ́ ẹja. Rebecca bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn bíi ti gbogbo èèyàn, ìwé orin rẹ̀ sì wà nínú àpò sùtánà. Ó ti pinnu pé bí ìsìn bá parí, Ìyá Ìjọ lòun máa kà á fún, ìyá arúgbó tó fi ogójì ọdún yan ẹja, tí èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyẹn bá gbọ́ ọ, ó rò pé ọ̀rọ̀ Olúsànmí á rọlẹ̀.

Kò dé ibẹ̀. Wọn ò tíì kọ orin ìyìn kejì tán tí Hadassah fi ké "Háà!" tó sì ṣubú. Wọ́n yà fún un, wọ́n ká aṣọ funfun sábẹ́ orí rẹ̀, agogo dún, Olúsànmí sì pè, "Akọ̀wé!" Rebecca gbé Ìwé Ìran, ó mú bírò ìjọ, ó lọ kúnlẹ̀ síbi orí Hadassah bó ṣe ti ń ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án.

"Olúwa wí báyìí," ni Hadassah wí, ó di ojú pinpin. "Orin tuntun ni mo fi rán yín, ẹ̀yin ọmọ mi." Ó sì gbé e lóhùn: "Èéfín ẹja mi ń gòkè lọ..."

Ọwọ́ Rebecca ti kọ ìlà kìn-ín-ní kí ọkàn rẹ̀ tó gbọ́ ohun tí ọwọ́ ń kọ. Nígbà tó fi máa di ìlà kejì, ara rẹ̀ ti ń gbóná láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wá. Olè! Bí èèyàn bá jí ẹja ẹyọ kan péré ní Pessu, ariwo á lé e dé Enerhen. Èyí tó jí odidi orin, aṣọ funfun ni wọ́n ká sí i lábẹ́ orí.

"Ọba tó ga jù lọ, gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi," ni Hadassah kọ, ìjọ sì ní, "Hẹ̀ẹ̀n!"

Bírò dúró. Olè jíjà náà dun Rebecca, n ò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ìlà yìí ló bí i nínú jù. Wọ́n máa kọ ìlà burúkú yìí títí ayé. Wọ́n á kọ ọ́ níbi ìkómọ, wọ́n á kọ ọ́ níbi òkú, kò ní sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé pé èyí tó sàn jù ú lọ wà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ jí nǹkan ẹni, ṣé kò yẹ kí wọ́n ní sùúrù kó parí?

Hadassah kọ ọ́ tán, ó sì nà gbalaja, jẹ́ẹ́. Olúsànmí gbọ́wọ́ sókè. "Akọ̀wé, kà á sí wa létí."

Rebecca dìde. Ó ti kọ ohun tó kọ. Ó gbé Ìwé Ìran sókè, ó sì kà á bó ṣe máa ń kà á:

"Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́ oṣù Keje. Orin tuntun. Ẹni tó gbà á: kò sí ẹni tó gbà á. Rebecca, ìyàwó Akínsànmí, ló ṣe é nídìí ààrò ẹja, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà á."

Ó ka ìlà kìn-ín-ní, ó ka ìkejì.

"Ìlà kẹta tí ẹ gbọ́ yẹn, mo ti pa á rẹ́ láti àná. Bó ṣe rí nìyí." Ó sì gbé e lórin, ohùn rẹ̀ ò dùn: "Baba, bó o bá gbóòórùn rẹ̀, má ti fèrèsé..."

"Irọ́ ni!" Hadassah là ojú nílẹ̀ níbẹ̀. "Kò sí fèrèsé níbẹ̀! Mo kà á..." Ó gé ètè jẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́.

"Eyínfúnjowó," ni Rebecca wí, "ẹ tètè kà á ni. N kò tíì ṣe é tán."

"Ehn? She read am?" ni ohùn ọ̀dọ́ kan bèèrè látẹ̀yìn.

Ẹ rò pé Hadassah ni wọ́n bínú sí? Ẹ ò mọ ìjọ nìyẹn. Gbogbo wọn gbọ́ "mo kà á" yẹn, kò sí adití níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìran òní bá jẹ́ irọ́, ti ọdún mẹ́sàn-án ńkọ́? Ti ìkìlọ̀ tó dá àwọn ọlọ́kọ̀ padà lójú omi ńkọ́? Ti ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn ńkọ́? Ojú tí wọ́n fi wo Rebecca, ojú ẹni tó fẹ́ tú òrùlé lé wọn lórí ni. Obìnrin tí wọ́n jọ máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà kó aṣọ rẹ̀ jọ kó má baà kan ti Rebecca.

Olúsànmí já Ìwé Ìran gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Jáde! O fẹ́ wó ilé Ọlọ́run lé wa lórí nítorí ẹja! Láti òní lọ, o kì í ṣe akọ̀wé mọ́. Comot!"

Ó jáde. Kò sí ẹni tó dì í mú, kò sí ẹni tó ní "pẹ̀lẹ́." Wọ́n ti ilẹ̀kùn tẹ̀lé e lẹ́yìn. Òjò ti gbé ọ̀kan nínú sálúbàtà rẹ̀ bọ́ sínú omi, ó rí ìkejì, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn lábẹ́ etí òrùlé, ó gbé e dání. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sí èéfín níbẹ̀ tó lè dá lẹ́bi.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbọ́ ohùn kan nínú ilé. Ohùn arúgbó ni, ó sán bí ìkòkò. Ìyá Ìjọ ni.

"Èéfín ẹja mi ń gòkè lọ..."

"Màmá," ni Olúsànmí wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ti orin yẹn sílẹ̀ ná."

"Ọma mi, dákẹ́," ni ìyá náà fi èdè Ìlàjẹ wí, ó sì ń kọ ọ́ lọ. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn aláyan ẹja gbogbo, ojú pípọ́n gbogbo. Wọ́n dé ìlà kẹta. Rebecca di sálúbàtà mú.

"Baba, bó o bá gbóòórùn rẹ̀, má ti fèrèsé..."

Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà yìí ó dá ohùn tó ròkè ju ti gbogbo wọn lọ mọ̀. Hadassah ni, fèrèsé náà ló sì ń kọ. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ṣílẹ̀kùn. Orin ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ ẹni tó ṣe é. Rebecca bú wọn lábẹ́lẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ sì ń dùn débi pé èébú náà ò le tó bó ṣe yẹ.

Ìgbà kẹta tí wọ́n yí i po ló tó gbọ́ àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ òun nìkan ló ń kọ ọ́ nílé, kò gbọ́ ọ rí fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹnu ọgọ́rùn-ún èèyàn ló wá fi hàn án gedegbe: "Ó ń kan ilẹ̀kùn Baba."

"Yéè!" ó ní. "Èéfín kì í kan ilẹ̀kùn."

Èéfín wo ló ń kan ilẹ̀kùn? Ó kàn máa ń wọlé ni, ẹ fẹ́, ẹ kọ̀. Ó fẹ́ ki ọwọ́ bọ àpò kó mú ìwé, ìgbà náà ló rí i pé bírò ìjọ ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ìwé Ìran ni wọ́n rántí gbà. Ó yọ ìwé náà jáde, ó tẹ orí bò ó kí òjò má baà kàn án, ó sì fa ìlà lé ìlà kejì lórí. Nínú ilé, wọ́n tún ti dé ibẹ̀, wọ́n ń fi gbogbo agbára kọ ọ́.

Ó sún mọ́ ògiri níbi tí omi ò ti ń ta sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn.